Ọmọ Tó Ṣẹ̀ àti Àgbà Tó Ti Ẹ̀wọ̀n Dé: Ta Ni Yóò Mójú Tó Wọn ní Ofè?

Bí ọmọ ọdún 14 bá ja ilẹ̀kùn ìsọ̀ lóru ní Ofè, ní kọmúùnù Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin, tí ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi kúrò lọ́wọ́ Ofè. Ọlọ́pàá yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, procureur, ìyẹn agbẹjọ́rò ìjọba, yóò gbọ́, ìwé rẹ̀ yóò sì gba Savalou lọ, níbi tí ilé ẹjọ́ wà. Láti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀nà náà gba Glazoué àti Dassa kọjá. Ìyá ọmọ náà tó ń ta gàrí yóò pa ọjà tì kó tó lè lọ fojú kàn án. Bí adájọ́ bá ní kí wọ́n fi í sí ilé ìtọ́jú ìjọba dípò ẹ̀wọ̀n, ibi tí yóò lọ tún lè jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtọ́jú wọ̀nyẹn wà ní Parakou, òmíràn wà ní Aplahoué, òmíràn sì wà ní Agblangandan lẹ́bàá Cotonou. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní ẹ̀kùn Collines.

Lọ́jọ́ kan ṣá, ọmọ náà yóò padà wá. Ofè náà ni yóò padà sí, sí agboolé tó ti jáde lọ, lójú àwọn tó mọ ohun tó ṣe. Ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó le jù bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn náà sì ni gbogbo ìwé ìjọba parí. Ta ni yóò mọ̀ bóyá ó ti padà sílé ẹ̀kọ́? Ta ni yóò bá ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ sọ̀rọ̀ kó tún gbà á? Ta ni yóò rí i pé onísọ̀ tí ọmọ náà jà lólè rí nǹkan gbà padà, kí àwọn ìdílé méjèèjì tó tún lè kí ara wọn?

Ìbéèrè kan náà dúró lórí àgbàlagbà. Ọkùnrin tó lo ọdún méjì lẹ́wọ̀n, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, Ofè lòun náà ń bọ̀. Èrò tí mo fẹ́ gbé síwájú àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti gbogbo Collines nìyí: kọmúùnù kọ̀ọ̀kan nílò olórí kan ṣoṣo tí a fi iṣẹ́ méjèèjì yìí lé lọ́wọ́, ẹni tí yóò máa mójú tó ọmọ tó ṣẹ̀, tí yóò sì máa mójú tó àgbà tó ti ẹ̀wọ̀n dé tàbí tí ilé ẹjọ́ ní kó máa jẹ́ ìyà rẹ̀ láti ilé. Adájọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọlọ́pàá ní tirẹ̀. Ẹni tó máa dúró láàárín ilé ẹjọ́ àti agboolé ni a kò tíì fi joyè.

Òfin ti la ọ̀nà sílẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òfin la kò ní. Nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń jẹ́ Dahomey, àṣẹ 69-23 tí ìjọba gbé jáde lọ́jọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1969 ti ya ẹjọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sọ́tọ̀ kúrò lára ẹjọ́ àgbàlagbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990, Benin fọwọ́ sí Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Ní 1997, ó tún gba ti ilẹ̀ Áfíríkà wọlé. Lẹ́yìn náà ni òfin 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015 kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìwé kan, èyí tí a mọ̀ sí Code de l'enfant.

Ìwé òfin yẹn sọ̀rọ̀ tó yéni yékéyéké. Ọmọ ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ jẹ ìyà ọ̀daràn; ohun tí adájọ́ lè ṣe fún un ni ààbò àti ẹ̀kọ́. Ẹni tó ti pé 13, tí kò tíì pé 18, adájọ́ àwọn ọmọdé ló ni ẹjọ́ rẹ̀. Kí adájọ́ náà tó dá a, ìwádìí gbọ́dọ̀ ti dé ilé ọmọ náà: ta ló ń tọ́ ọ, kí ló ń jẹ, ṣé ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, kí ló gbé e dé ibi tó dé. Ẹ̀wọ̀n ni ohun ìkẹyìn tí a lè ronú kàn, bó bá sì di dandan, ọmọ kò gbọdọ̀ bá àgbàlagbà gbé yàrá kan náà.

Láàárín kí a dá ọmọ sílẹ̀ pátápátá àti kí a tì í mọ́lé, òfin tún fi ọ̀nà kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní liberté surveillée: kí ọmọ máa gbé nílé, kí ẹnì kan tí ilé ẹjọ́ yàn sì máa ṣọ́ ọ, kí ó máa tọ́ ọ sọ́nà, kí ó máa jábọ̀ fún adájọ́. Ilẹ̀ Faransé ló ti wá. Òfin wọn ti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 1912 ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tó ṣe òfin náà ti mọ̀ pé ilé ni ọmọ ti ń yí padà, wọ́n sì mọ̀ pé ilé nìkan kò tó, ó nílò ojú kan tó ń wò ó láti ìta.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan wé ara wọn kí a lè mọ iyì ohun tí a ní. Ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 16 tó ṣẹ̀ ń jẹ́jọ́ bí àgbàlagbà títí tí wọ́n fi yí òfin náà padà ní ọdún 2017. Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni ọmọ ọdún 16 bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ló kan ọmọ ọdún 17. Dahomey ti fi ọdún 18 ṣe ààlà láti 1969. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ yìí bá ń gún wa lára, kì í ṣe pé òfin wa kéré sí ti àwọn ẹlòmíràn. Àìní wa wà ní ìsàlẹ̀ òfin, níbi tí ó ti yẹ kí ẹnì kan gbé e rìn wọ agboolé.

Láàárín ìwé àti agboolé

Ofè jẹ́ ọ̀kan nínú arọ́ńdísímọ̀ mẹ́jọ tó para pọ̀ di kọmúùnù Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn yòókù ni Adido, Bèssé, Boni, Kaboua, Okpara, Plateau àti Sakin. Ọ̀nà ńlá tó ti Cotonou lọ sí Parakou la àárín ìlú kọjá, ojú irin àtijọ́ náà gba ibẹ̀. Lápá ìlà oòrùn, ààlà Nàìjíríà ni. Ibi tí ọ̀nà, ojú irin àti ààlà bá ti pàdé, owó á máa ṣípò, ọjà fàyàwọ́ á máa wọlé, ọmọ tó bá fẹ́ sá kúrò nílé á rí ọkọ̀ wọ̀. Epo kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di oníṣòwò lójú títì. Nígbà tí kaju bá pọ́n, èyí tó ń ṣiṣẹ́ á ṣiṣẹ́, èyí tó fẹ́ kó ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ náà á rí ààyè.

Ní irú ibi báyìí, òṣìṣẹ́ Affaires sociales, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwùjọ, ni òfin fi ìwádìí ilé ọmọ lé lọ́wọ́. Ibi iṣẹ́ wọn ní kọmúùnù kọ̀ọ̀kan, tí a mọ̀ sí CPS tẹ́lẹ̀, ti di GUPS, ojú kan ṣoṣo tí aráàlú ti ń béèrè gbogbo ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Ẹ wo ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn: ọkọ tó kọ̀ láti bọ́ ọmọ, ìyàwó tí wọ́n lé jáde, ọmọ tí oúnjẹ kò tó, arọ tó ń wá kẹ̀kẹ́, arúgbó tí kò ní olùtọ́jú, ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ fi fọ́kọ láìtọ́jọ́. Lórí gbogbo ìyẹn ni ọmọ tó ṣẹ̀ tún wá jókòó sí. Ọmọ yẹn ni ẹni tí kò ní alágbàwí láàárín wọn, nítorí kò sí ẹni tó ń tò fún olè. Tí òṣìṣẹ́ bá ní àyè fún ẹni mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, olè ni yóò ṣe ìkọkànlá.

Mo sọ èyí láìdá àwọn òṣìṣẹ́ náà lẹ́bi. Iṣẹ́ tí a kò fi lé ẹnì kan pàtó lọ́wọ́, tí a kò fún ní àkókò tirẹ̀ àti owó epo tirẹ̀, a ti pinnu pé kí ó má ṣe é ṣe nìyẹn. Adájọ́ lè kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ọmọ máa wà lábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dé ilé ọmọ náà láàárín ọdún yẹn, ìwé náà ti di ìdáríjì fún ọmọ tó fẹ́ burú sí i, ó sì ti di ìpatì fún èyí tó fẹ́ yí padà.

Kí ni ìṣọ́ tó jẹ́ ìṣọ́ ní tòótọ́? Kì í ṣe pé kí ọmọ wá fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìṣọ́ ni kí olùṣọ́ mọ orúkọ ìyá àgbà tó ń gbé ọmọ náà sùn. Kí ó lọ bá olùkọ́ rẹ̀, kí ó béèrè bóyá ó ń wá. Kí ó lọ bá télọ̀ tàbí mẹkáníìkì tó ti lé e, kí ó bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ọmọ náà yóò máa ṣe. Kí ó pe ọmọ náà àti ẹni tí ọmọ náà ṣẹ̀ jókòó, kí a mọ iye tí yóò san padà díẹ̀díẹ̀ àti ìgbà tí yóò san tán. Kí ó mọ ọ̀rẹ́ tí ọmọ náà ń bá rìn lálẹ́. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, iṣẹ́ ẹnu ni, iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tó ń gbé nítòsí nìkan ló lè ṣe é.

Àgbà náà ń gbé agboolé kan náà

Ìjọba ya ọmọ àti àgbà sọ́tọ̀ sí iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwùjọ, ẹlẹ́wọ̀n wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìdájọ́ àti Agence pénitentiaire tó ń ṣàkóso ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nínú àtìmọ́lé, ìyàsọ́tọ̀ yẹn dára, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí ọmọ tó bá bá ọ̀daràn àgbà sùn ní yàrá kan á kọ́ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá padà sílé, ìyàsọ́tọ̀ náà di òfo. Ẹ̀gbọ́n tó ti ẹ̀wọ̀n dé àti àbúrò tí adájọ́ fi sábẹ́ ìṣọ́ ń jẹun nínú àwo kan náà. Bí ẹ̀gbọ́n kò bá ríṣẹ́, tó tún padà sí ọ̀nà àtijọ́, àbúrò ni yóò kọ́kọ́ fa lọ́wọ́ dání. Bí ẹ̀gbọ́n bá sì dúró ṣinṣin, kò sí olùkọ́ tó lè bá àbúrò sọ̀rọ̀ bí òun.

Ṣábẹ̀ẹ́ ti rí i pé ọ̀rọ̀ àgbà tó kọlu òfin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, lẹ́yìn ìdìbò aṣòfin, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ àti agbófinró níbí àti ní Tchaourou. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ṣáájú ìdìbò ààrẹ, àwọn ọ̀dọ́ tún dí ọ̀nà, àwọn ọmọ ogun yìnbọn, ẹ̀mí sì bọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ní ìparí ọdún 2019, ilé aṣòfin gbé òfin ìdáríjì jáde fún ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ìdìbò ọdún náà, àwọn tó wà látìmọ́lé sì jáde. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìdáríjì lè ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ kan, kò lè dá iṣẹ́ padà, kò lè wo ọkàn ẹni tó ti rí ọta ìbọn sàn, kò sì lè bá àwọn aládùúgbò tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ làjà. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn nílò ẹni tó mọ ilé kọ̀ọ̀kan.

Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe yìí sọ òtítọ́ nípa ọgbẹ́ tí ẹjọ́ ń dá sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn kóòtù, tí yóò máa wá ọ̀nà tí àwọn tó jọ dé kóòtù yóò fi lè tún jọ pọn omi nínú kànga kan náà, bí wọn kò tilẹ̀ di ọ̀rẹ́ mọ́.

Ohun tí Èkó fi kọ́ wa

Àwọn ará wa ní Èkó ti gbìyànjú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa. Ní 1941, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Donald Faulkner, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹlẹ́wọ̀n, ṣe òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àwùjọ fún Èkó. Ìlú ń kún, àwọn ọmọkùnrin ń sùn sábẹ́ ìsọ̀ àti létí ibùdókọ̀, jàgùdà ń jà ní ọjà, àwọn tí wọ́n ń pè ní boma boys sì ń ṣe amọ̀nà fún àwọn atukọ̀ òkun lọ sí ilé aṣẹ́wó. Òfin lórí ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde ní 1943. Èkó ní ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé, ó ní ilé ìgbàsùn, ó ní òṣìṣẹ́ tó ń lọ wádìí nílé.

Ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀ fún wa. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n rí ní ìgboro kì í ṣe ọmọ Èkó, ọ̀nà àbáyọ tí ìjọba sì rí ni kí wọ́n kó wọn padà sí ìlú wọn. Kíkó ọmọ padà sílé kò le. Ohun tó le ni kí ẹnì kan wà nílé náà tó ń retí rẹ̀, kí oúnjẹ wà, kí iṣẹ́ wà. Ọmọ tí a kó dé ibi tí ìdí tó fi sá kúrò ṣì wà, ọkọ̀ tó gbé e dé ni yóò tún wọ̀ padà.

Èkejì ni ti àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà. Àwọn aláṣẹ rí ewu níbẹ̀, wọ́n sì ṣe òfin tó ka ìkiri léèwọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14. Ewu náà kì í ṣe irọ́. Àwọn obìnrin Èkó tó kàwé fúnra wọn ti ń ké sí ìjọba nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà rí ẹ̀kọ́ òwò níbẹ̀, wọ́n sì rí owó oúnjẹ. Olùṣọ́ tí kò mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń jẹun lè sọ ohun tí ilé fi ń gbéra di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe olórí iṣẹ́ yìí ní Ṣábẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ àti ọmọ tí wọ́n ti tà fún iṣẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí kan ààlà wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2003, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Benin padà láti ibi ìfọ́kùúta lágbègbè Abẹ́òkúta. Benin àti Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lórí rẹ̀ ní 2005, òfin Benin lórí ìrìnnà ọmọdé àti òwò ọmọ sì jáde lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2006. Ọmọ tí a bá mú lónìí pé ó jalè lójú ọ̀nà ààlà lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n fipá mú ṣiṣẹ́ lánàá. Ẹni tó bá ṣe ìwádìí ilé dáadáa ni yóò mọ̀. Bí a kò bá ṣe é, a ó máa fìyà jẹ ẹni tí a kọ́kọ́ yẹ kí a gbà là.

Ní ti àgbàlagbà, Nàìjíríà ti gbé ìgbésẹ̀ kan tó yẹ ká wò. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2019 fún iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n wọn ní apá méjì: apá kan fún àwọn tó wà nínú ọgbà, apá kejì fún àwọn tó ń jẹ ìyà wọn láti ìta, yálà nípa iṣẹ́ ìlú, nípa ìṣọ́, nípa ìdásílẹ̀ ṣáájú àkókò, tàbí nípa ìlàjà láàárín ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀.

Oníṣẹ́ bàtà Boston àti àwọn àgbà New York

Iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ní ọdún 1841, oníṣẹ́ bàtà kan tó ń jẹ́ John Augustus wà nílé ẹjọ́ ní Boston nígbà tí wọ́n mú ọ̀mùtí kan wọlé. Ó bẹ adájọ́ pé kó jẹ́ kí òun dúró fún un. Ó mú un lọ, ó wá iṣẹ́ fún un, ó sì mú un padà wá lọ́jọ́ tí adájọ́ dá, ọkùnrin náà ti yàtọ̀. Títí tó fi kú ní 1859, ó dúró fún ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Ọdún 1878 ni ìpínlẹ̀ Massachusetts tó ṣe òfin pé kí ìlú máa sanwó fún ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dúró fún ẹlòmíràn kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ohun tí Augustus fi kún un ni pé lẹ́yìn tó dúró tán, kò lọ.

Ní ìlú New York lónìí, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, Department of Probation, ló ń mójú tó ọmọ àti àgbà tí ilé ẹjọ́ fi sábẹ́ ìṣọ́. Vincent Schiraldi ló ṣe olórí rẹ̀ láti 2010 sí 2014. Lákòókò rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ kúrò ní ọ́fíìsì àárín ìlú lọ sí àwọn àdúgbò tí àwọn ènìyàn náà ń gbé. Àdúgbò Brownsville ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011. Ní 2012, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Arches. Àwọn àgbà tí àwọn fúnra wọn ti ṣẹ̀wọ̀n rí, tí wọ́n ti yí padà, ni wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn níbẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìwádìí Urban Institute yẹ̀ ẹ́ wò ní 2018, wọ́n rí i pé láàárín ọdún kan, àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú ètò náà tí wọ́n tún dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá dín sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sí níbẹ̀ ní ohun tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

Èyí ni ẹ̀rí tó lágbára jù fún ohun tí mò ń sọ. Àgbà tó ti ẹ̀wọ̀n dé lè di olùtọ́ni fún ọmọ tó ṣẹ̀, bí olórí kan bá wà tó mọ àwọn méjèèjì, tó sì mọ èyí tó yẹ nínú àwọn àgbà náà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tún fi ìkìlọ̀ kan lélẹ̀. Ìṣọ́ tó pọ̀ jù ń di ìdẹkùn. Ẹni tí kò dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ẹni tí kò lówó ọkọ̀, wọ́n ń dá a padà sẹ́wọ̀n láìsí pé ó tún jalè. Ìyẹn ló mú kí ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin ní 2021 láti dín irú ìdápadà bẹ́ẹ̀ kù fún àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ṣáájú àkókò. Ní Ofè, tí ẹnì kan ní oko tó jìnnà, tí òjò sì lè bọ́nà jẹ́, òfin ìṣọ́ wa gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àgbẹ̀ ni.

Ohun tó wà nílẹ̀, àti ohun tó yẹ kó kúrò

Ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ọba wà, baálé wà, ìyálọ́jà wà, olórí arọ́ńdísímọ̀ wà, ìmáàmù àti pásítọ̀ wà. Ẹni méjì ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń tọ́ ọ. Olórí tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi àwọn wọ̀nyí ṣe apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, àṣà wa méjì wà tó yẹ ká sọ fún ara wa láìbò ó. Àkọ́kọ́ ni lílu olè pa. Ọmọ ọdún 15 tí èrò bá dáná sun kò sí adájọ́ tó lè tún un ṣe. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni pé a máa ń fẹ́ parí ohun gbogbo nílé, títí kan ìfipábánilòpọ̀. Ìlàjà dára fún fóònù tí wọ́n jí, ó dára fún ìjà àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ìlàjà fún ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lòpọ̀. Òfin 2021-11 ti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ti mú ìyà rẹ̀ le. Àgbà tó bá fi ewúrẹ́ àti owó pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ti di alábàápín nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ olórí náà

Kí ni kí a fi lé olórí yìí lọ́wọ́? Lójú mi, nǹkan márùn-ún tó.

Èkíní, kí ó ní ìwé kan tí orúkọ gbogbo ọmọ àti àgbà tó wà lábẹ́ ìṣọ́ ní kọmúùnù wà nínú rẹ̀, ojú ewé ọmọ lọ́tọ̀, ojú ewé àgbà lọ́tọ̀, kí ó sì wà ní ìpamọ́, nítorí orúkọ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà.

Èkejì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí ti òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé ilé ẹni náà kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan tó dé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìtìjú máa ń pọ̀ jù, ìgbà yẹn sì ni àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ máa ń wá kí i.

Ẹ̀kẹta, kí ó ní alùpùpù àti owó epo tí a kọ sínú ìṣúná kọmúùnù. Láti Ofè dé Kaboua dé Okpara, ẹni tí kò ní ohun ìrìnnà kò lè ṣọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin, kí ó bá àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe àdéhùn: télọ̀, bíríkìlà, alurínmọ́rin, mẹkáníìkì. Kí a rí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan tó gba ọmọ irú èyí gẹ́gẹ́ bí alábàáṣiṣẹ́ ìlú, kí a sì fi ohun èlò ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó máa jábọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún níwájú ìgbìmọ̀ kọmúùnù, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: àwọn mélòó ló padà sílé ẹ̀kọ́, mélòó ló ń kọ́ṣẹ́, mélòó ló tún ṣẹ̀, mélòó nínú àwọn tí a ṣẹ̀ ló gba ohun ìní wọn padà. Ohun tí a kò bá kà, a kò ní mọ̀ bóyá ó ń tẹ̀ síwájú.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Mo gbà pé kọmúùnù wa kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò oúnjẹ ọmọ kan nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ọdún kan, ẹ fi ìrìnnà ìyá rẹ̀ sí Savalou kún un, ẹ fi ohun tí yóò jí lẹ́yìn tó bá dé tí kò ríṣẹ́ kún un. Ìyẹn náà owó ni, àwọn tí kò ní ló sì ń san án. Àwọn mìíràn yóò ní olè kò yẹ ní ìkẹ́. Wọn kò jẹ̀bi láti bínú, pàápàá ẹni tí wọ́n jí alùpùpù rẹ̀ tó fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì wa ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Savalou. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò tíì ní orúkọ àti àyè ní Ṣábẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn mẹ́ńbà ìgbìmọ̀ kọmúùnù àti secrétaire exécutif wa pé nígbà tí ẹ bá tún jókòó lórí ìṣúná, ẹ yan ẹni yìí, ẹ fún un ní ọ́fíìsì, ẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo bẹ àwọn adájọ́ ní Savalou pé kí ẹ béèrè àbọ̀ lórí gbogbo ọmọ tí ẹ fi sábẹ́ ìṣọ́, kí ẹ má sì gba ìwé òfìfo. Ìwọ tó ń ka èyí ní Ofè, bí ọmọ kan tàbí àgbà kan bá ti Savalou tàbí Parakou dé sí àdúgbò rẹ lọ́sẹ̀ yìí, má dúró de ìjọba kí o tó lọ kí i káàbọ̀. Béèrè ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, kí o sì bá a wá ẹni tí yóò kọ́ ọ.